Ní Minneapolis, ajá mi ni wọ́n ń kí. Ní Saint John, èmi ni

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbé ilé alájà mẹ́fà kan ní Minneapolis, ìlú olótùútù kan ní Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni mẹ́ta nínú ilé náà tó mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ti ajá mi. Tá a bá pàdé nínú lífìtì, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á bi í bóyá ó sùn dáadáa. Tí ìlẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n á juwọ́ sí i, wọ́n á bá tiwọn lọ. Èmi tí mo di okùn rẹ̀ mú, bí òpó tí wọ́n so ó mọ́ ni mo rí.

Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́. Nílé wa, wọn kì í fún ajá lórúkọ lásán: ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ahọ́n àwọn ará Minneapolis ò gbé e, ni wọ́n bá gé e sí Tani. “Ta ni?” láàárọ̀, “Ta ni?” lálẹ́, ajá á sì máa ju ìrù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sínú, torí èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n bi ní ìbéèrè yẹn.

Nínú ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló sọ fún mi pé láti oṣù kọkànlá títí di oṣù karùn-ún, àwọn ilé oúnjẹ Saint John máa ń wá alásè lójú méjèèjì, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn tí òtútù ń lé kúrò nílé máa ń ya bo erékùṣù náà. Ọ̀kan ni nínú àwọn erékùṣù Virgin Islands tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ní òkun Caribbean. Saint Thomas àti Saint Croix ni àwọn ńlá yòókù. Denmark ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kó tó tà wọ́n fún Amẹ́ríkà ní 1917, ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ìyẹn ló jẹ́ kí èmi tí mo ti gba ìwé ọmọ ìlú Amẹ́ríkà lè lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìtọrọ físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Màámi ní Ìbàdàn gbọ́ ọ, wọ́n ní, “Ṣé àwọn tó ní kí o wá síṣẹ́ náà ló ní kí o gbé ajá dání?” Mo ní rárá, Màámi. Wọ́n ní, “Ó dáa, ìyá ajá.” Wọn ò tíì dárí bàtà jì mí. Ní Minneapolis, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́ máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá, ni mo bá ra bàtà rọ́bà mẹ́rin fún Tanímọ̀la. Ọjọ́ tí Màámi rí i lórí fóònù, wọ́n ké pe gbogbo ará ilé kí wọ́n wá wòran.

Ajá náà kéré, ó wọ àpò tó ń wọ abẹ́ àga ọkọ̀ òfurufú, ìyẹn ló yọ wá. Ìwé ẹ̀rí ìlera láti ọ̀dọ̀ dókítà ẹran àti ẹ̀rí abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni mo mú dání. Ilé ló gbà mí ní wàhálà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń wá yàrá. Bí mo bá ti dárúkọ ajá, onílé á dákẹ́. Yàrá kan lókè Coral Bay, ní Saint John, ni mo rí nígbẹ̀yìn, mo ń san dọ́là 1,200 lóṣù, èmi àti àwọn mẹ́ta mìíràn sì jọ ń lo ilé ìdáná kan.

Pásípọ́ọ̀tù kan náà, owó kan náà, àwòrán ààrẹ kan náà lára ògiri. Ẹni tó bá ní ìlú kan náà ni, kó kọ́kọ́ wọ mọ́tò níbẹ̀. Apá òsì títì ni wọ́n ń gbà, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kó mọ́tò wá, tí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ wà lápá òsì pẹ̀lú. Awakọ̀ wá ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, kì í rí ohun tó ń bọ̀ bó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Màámi rántí ọdún 1972 tí a yí kúrò lápá òsì ní Nàìjíríà. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni bàbá wa fi wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Ní Saint Thomas, wọ́n ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní sáfárì: ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, tí wọ́n bò lórí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Cruz Bay, ní Saint John níbẹ̀. Ìyá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló jókòó nídìí owó. Mo ní, “Níbo ni omi onígò wà?” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀.” Mo rò pé wọn ò gbọ́, mo tún ìbéèrè mi bi. Wọ́n tún ní, “Ẹ káàárọ̀.” Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ohùn tí Màámi máa ń lò fún ọmọ tó bá wọlé tí kò kí èèyàn ni. Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́, ni wọ́n ń kọ́ ní ìkíni ní ilẹ̀ onílẹ̀. Mo kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n béèrè bí mo ṣe jí, wọ́n wá nawọ́ sí ibi tí omi wà.

Kì í ṣe pé Minneapolis ba ìwà mi jẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kí ogún ènìyàn nínú lífìtì, tí méjìdínlógún nínú wọn di etí pẹ̀lú rọ́bà orin, bó pẹ́ bó yá, ẹnu á kọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ní Saint John, ìkíni ni owó ibodè. Ẹni bá wọ ọkọ̀ á kí gbogbo ọkọ̀. Ẹni bá wọ báǹkì á kí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà. Bílẹ̀ bá ti ṣú, “good night” ni wọ́n fi ń wọlé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dágbére. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó yé rò pé ṣe ni wọ́n ń lé mi.

Ajá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kí i. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ máa ń yà fún un lójú ọ̀nà, àwọn ọmọdé á sá sẹ́yìn ìyá wọn, bí ó ṣe máa rí ládùúgbò wa gan-an. Lójú ọ̀pọ̀ wọn, iṣẹ́ ló gbé ajá wá sáyé: kó ṣọ́ ilé, kó gbó nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wọ ilé ọtí tí àwa alágbàṣe láti òkè òkun ń lọ, ẹ ó bá ajá mẹ́fà lábẹ́ tábìlì, tí wọ́n ń gba ẹran lọ́wọ́ oníbàárà. Ìlú kan, ilẹ̀ méjì. Irú ojú tí wọ́n bá fi wo ajá rẹ ló máa sọ èyí tí o wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ mi wá da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń bi mí lọ́nà bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ sì mọ̀ pé n kì í ṣe tiwọn kí n tó yanu, nítorí ajá tí mo ń fà.

Ewúrẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ewúrẹ́, adìyẹ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rìn káàkiri ní Coral Bay bí ẹni tó ni títì. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni Tanímọ̀la ti ń lé láti ọjọ́ tó ti dáyé, àwọn ará Minneapolis á sì máa rẹ́rìn-ín. Ó já okùn lọ́jọ́ kan, ó lé ewúrẹ́ aboyún kan wọ inú ẹ̀gún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá tó ni ín wá sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí mi, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè ara àwọn ará ilé, wọ́n wá sọ̀rọ̀ òjò díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní bí àwọn bá tún rí ajá náà nídìí ewúrẹ́ àwọn, àwọn ò ní wá sọ fún mi mọ́. Ẹni tó bá dàgbà sílé wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi ìkíni gígùn ṣí, kò sí àwàdà nínú rẹ̀. Mo ra okùn tuntun lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni etí òkun. Tìtorí rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún Saint John ni ọgbà ìjọba àpapọ̀, ajá ò sì gbọdọ̀ dé etí òkun inú ọgbà náà. Ojú ọ̀nà inú igbó nìkan ni wọ́n fún un, pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Nínú igbó náà, mo ní láti máa ṣọ́ igi kan tí wọ́n ń pè ní manchineel. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré, oje rẹ̀ ń bó èèyàn lára, kódà ẹni tó bá sá òjò sábẹ́ rẹ̀ á kábàámọ̀. Eégbọn ńkọ́! Ní Minneapolis, yìnyín ń pa wọ́n mọ́lé fún oṣù mélòó kan. Níbẹ̀, gbogbo alẹ́ ni mo ń tú irun ajá wò bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Ọ̀dà títì náà sì ń gbóná lọ́sàn-án débi pé bàtà yìnyín tún jáde nínú àpótí. Màámi tún ké pe ará ilé.

Ọ̀nà igbó yẹn la gbà dé Annaberg, níbi tí àwókù ilé ìfúnrèké wà. Iyùn òkun ni wọ́n fi mọ apá kan ògiri rẹ̀, àwọn ẹrú ló sì mọ ọ́n. Ní erékùṣù yìí, ní oṣù kọkànlá 1733, àwọn ẹrú tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Akwamu láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí dìde, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Tanímọ̀la fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè síbi ògiri náà. Mo fà á kúrò.

Nínú ilé, omi ló kọ́kọ́ ń ya àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, orí òrùlé ni wọ́n ti ń gba omi òjò sínú táńkì tó wà lábẹ́ ilé. Bí òjò bá kọ̀, kí onílé ra omi ọkọ̀. Torí náà, o ó rọ omi sára, o ó pa á, o ó fi ọṣẹ, o ó tún ṣí i. Àwọn ọmọ Colorado tí a jọ ń gbé ń kérora. Èmi gbé garawa kan àti ike kan wọlé, mo wẹ̀, omi ṣẹ́ kù fún ajá. Iná pẹ̀lú máa ń lọ, owó rẹ̀ sì wọ́n. Alẹ́ tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n ń wá ara wọn kiri nínú òkùnkùn. Mo ti tan àbẹ́là, mo ti padà sídìí ìkòkò. Ìgbà tó dé, èmi nìkan ni mo pariwo ayọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Oúnjẹ ò jẹ́ kí n ṣàárò ilé púpọ̀. Fungi wà, “fúnjì” ni wọ́n ń pè é: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ilá rò, òkèlè gidi. Kallaloo tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ewébẹ̀ ni, pẹ̀lú ilá, akàn àti ẹja, ó ń fà dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ọkọ̀ òkun wá, ẹ má béèrè. Wàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó rẹ̀ ní Minneapolis, oúnjẹ ajá náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní owó lòun ń bá lọ, kó kọ́kọ́ ṣírò owó ilé.

Ìjì ni wọ́n fi ń ka ọdún níbẹ̀. “Kí Irma tó dé,” “lẹ́yìn Irma.” Ìyẹn ni ìjì ńlá ti oṣù kẹsàn-án 2017, tí Maria tún tẹ̀ lé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni àsìkò ìjì ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn sì ni àwa ti ń di ẹrù. Àwa ń sá fún yìnyín wá, a sì ń sá fún ìjì lọ. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ń dúró dè é, pẹ̀lú owó ilé tí àwa ti bá wọn gbé sókè. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní pápákọ̀ Saint Thomas tí àwọn aṣọ́bodè ń bi mí ohun tí mo gbé, kí n tó lè wọ ọkọ̀ padà sí ìlú tí wọ́n ní ọ̀kan náà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní Minneapolis, mo wọ lífìtì, mo kí ọkùnrin àjà karùn-ún. Ó yọ rọ́bà létí kan, ó wò mí bóyá nǹkan ṣe mí. Ó wá lóṣòó: “Tani! Níbo lo ti lọ?”

Oṣù kọkànlá tó tẹ̀ lé e, a tún padà. Ẹsẹ̀ mi ò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kí. Ìyá náà rántí mi. Wọ́n kí mi káàbọ̀, wọ́n béèrè Màámi, wọ́n ní mo ti sanra díẹ̀. Wọ́n wá wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, “Ìyẹn ò wọ ibí o.”

Mo so ó mọ́ òpó níta.