Bàbá àti ọpọ́n ayò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé eré ò bá iṣẹ́ ìlera tan, ẹ̀ bá wà ní wọ́ọ̀dù wa lónìí. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá yìí, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò fẹ́ gbọ́ràn mọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣa ìdérí ìgò látinú abọ́ kan sí òmíràn, wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé jẹ́lé-ó-sinmi nibí ni?"

Ni mo bá gbé ọpọ́n ayò dé. Ihò 12, ọmọ 48, òfin kan péré: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ta á. Kí àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ máa he ọmọ ayò, kí wọ́n sì máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí ọwọ́ náà nílò gan-an nìyẹn. Àṣetúnṣe ló ń mú kí ọpọlọ tún rí ọ̀nà dé ibẹ̀.

Ọmọ kan yọ̀ bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó wọn fẹ́ bá wọn mú un. "Fi sílẹ̀!" Ìka ń gbọ̀n, òógùn ń bọ̀ níwájú orí, wọ́n sì he é. (Èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún ọmọ ayò yẹn, ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ wọn gbọ́.)

Mo ní àkókò ti tó. Bàbá ní kí n jókòó, ọ̀pẹ bíi tèmi ò tíì lè lọ sílé.