Mo ń jẹ ẹ̀rọ mi, mo ń pè é ní èrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò owó nílé ìwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Owó ni mo fi kọ́ ọ.

Ní 2019, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi wà, mo fi ₦180,000 ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yìn ilé wa níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ ni mo gbé e sí, torí àwọn ìyá tó ń yan gàrí pọ̀ ládùúgbò wa. Lálaalẹ́, mo máa ń yọ owó epo, mo máa ń yọ owó ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí ₦1,500 ló máa ń kù. Mo pè é ní èrè, mo sì ń ná an.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Nínú ìdánwò, wọ́n ní ká ṣírò depreciation, ìyẹn bí iye owó nǹkan ṣe ń dínkù bó ṣe ń gbó, mo sì gbà á dáadáa. Ẹ mú iye tí ẹ ra nǹkan, ẹ yọ iye tí àwọn onírin àlòkù máa rà á tó bá gbó, ẹ pín èyí tó kù sí iye oṣù tó máa lò. Tèmi ìbá jẹ́ ₦180,000, ká yọ ₦36,000, ká pín ₦144,000 sí oṣù 36: ₦4,000 lóṣù. Kò tó ₦140 lóòjọ́! Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé nǹkan tí wọ́n ń kọ sójú pátákó ló ń pariwo lẹ́yìn ilé wa.

Ní 2022, ẹ́ńjìnnì kú. Mẹkáníìkì tú u, ó fi ìka ra písítìnnì tó ti họ, ó mi orí. Tuntun ti di ₦260,000. Mi ò ní ₦20,000 nílé. Ojú owó ni mo ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá.

Màmá kan wà tí wọ́n máa ń rin ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ mi, wọn ò kàwé. Mo lọ bá wọn nídìí iná. Wọ́n dojú agbada wọn dé, wọ́n fi eegun ìka kàn án lábẹ́, kó, kó, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, agbada náà ń jẹun. Tí mo bá ti ta gàrí, mo máa fún un ní tirẹ̀ kí n tó jẹ tèmi." Kóló kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn fún un.

Ibi tó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú nìyí. Láti 1494 tí Luca Pacioli, onímọ̀ ìṣirò ará Italy, ti tẹ ìlànà kíkọ owó lápá méjì jáde ní Venice, iye tó bá wọ apá kan gbọ́dọ̀ hàn lápá kejì. Ẹ debit depreciation (ẹ kọ ọ́ sápá òsì), ẹ credit àkójọ rẹ̀ (ẹ kọ ọ́ sápá ọ̀tún), ìwé á dọ́gba. Àmọ́ kọ́bọ̀ kan ò kúrò níbì kan lọ síbì kan. Ìwé kì í báni tọ́jú owó. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Mo yáwó ra òmíràn, mo sì ń yọ ₦6,000 lóṣù. Bí wọ́n ṣe yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí jálá epo kúrò lábẹ́ ₦200 tó fò kọjá ₦500, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Iye tí mo rà á ló wà nínú ìwé, iye òní ni ọjà ń béèrè. Ni mo bá sọ ọ́ di ₦10,000. Mo sì ń tètè ra bẹ́líìtì àti ríìngì pa mọ́, torí irin kì í dínkù nínú àpótí bí náírà ṣe ń dínkù ní báǹkì.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí n tó mú tèmi.