Orúkọ Mẹ́rin Tí Òfin Jámánì Béèrè

Ní sáà tó kọjá, ọmọbìnrin Fúlàní kan wọ kíláàsì tí mo ń kọ́ ní ìtàn ní Kábà. Ìjókòó tí a fi í sí ń gba ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí agogo ìsinmi tó dún, òun nìkan ló kù níbẹ̀. Àwọn méjì yòókù ti lọ fún ara wọn mọ́ ìjókòó iwájú, tí wọ́n fi di márùn-ún lórí pákó kan. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ó gbé ìwé rẹ̀ sí àárín pákó, ó sì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó ń kà láìgbójú sókè.

Èmi kò bá wọn wí. Ìtàn inúnibíni tí ìjọba Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, ṣe sí àwọn Júù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Kì í ṣe Auschwitz, àgọ́ tí wọ́n ti pa àwọn Júù, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé bí a bá kọ́kọ́ dárúkọ mílíọ̀nù mẹ́fà òkú, àánú á ṣe ọmọ, á sì padà sórí ìjókòó tó wà tẹ́lẹ̀, torí kò sí ọmọ tó ń rí ara rẹ̀ nínú apànìyàn. Ọdún 1933 ni mo mú wọn lọ, oṣù méjì lẹ́yìn tí Hitler gorí àléfà, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù tí wọ́n ń dá oníbàárà padà. Nígbà tí ọdún 1938 fi máa parí, ọmọ Júù kankan kò gbọdọ̀ jókòó mọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Jámánì.

Òfin tí ìjọba Násì ṣe ní ọdún 1935, tí wọ́n ń pè ní Òfin Nuremberg, kò béèrè ohun tí ènìyàn ṣe. Ẹni tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ẹlẹ́sìn Júù, Júù ni lójú òfin, ìbáà jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni òun fúnra rẹ̀ ń lọ láti kékeré. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn mẹ́rin tirẹ̀, kí ó sì kọ ìlú wọn sí i. Ìdá, ìlú àwọn Ígálà, yọjú, Bídà, ìlú àwọn Núpé, yọjú, bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn àwọn àgbà wa nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ Yorùbá tí Kábà wà, ẹlẹ́ṣin Bídà ni a sá fún gun orí òkè. Ọmọkùnrin kan tó máa ń fi Owé pọ́ńbélé, ìyẹn ọmọ Kábà gidi, yangàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà kẹta: Òkènè, ìlú àwọn Ẹ̀bìrà, ni ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ti wá. Mo ní kí wọ́n ya àwọn ìwé náà, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: ìkànìyàn Jámánì ti ọdún 1939 béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan bóyá Júù ni èyíkéyìí nínú àwọn òbí àgbà mẹ́rin ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá kan wá bá mi nílé. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ń sọ ti Jámánì, àwọn tó ń jí wa gbé lọ́nà oko ńkọ́?” Wọ́n ti jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé rí, nítorí náà n kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ní ajínigbé ló ni ọ̀ràn rẹ̀, kí wọ́n mú un, kí adájọ́ sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjìlá tó ń fẹsẹ̀ rìn láti inú igbó wá kàwé kò jí ẹnikẹ́ni gbé. Ó dákẹ́. Kò gbà fún mi, kò sì yọ ọmọ rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó dé orí àwọn tí wọ́n pa, tí ọmọdé inú wọn tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, àti àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó wà káàkiri Yúróòpù, àti àwọn aláàbọ̀ ara tí dókítà fọwọ́ sí ikú wọn. Mo sọ ti àwọn ọmọ tí àwọn sójà Áfíríkà tó wà nínú ọmọ ogun Faransé bí fún obìnrin Jámánì lẹ́bàá odò Rhine, tí ó kéré tán 385 nínú wọn gba iṣẹ́ abẹ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọdún 1937 kí wọ́n má baà lè bímọ láé. Kíláàsì pa lọ́lọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin tó fọwọ́ bo ìwé rẹ̀ gbé àpò wá sórí ìjókòó ọmọbìnrin náà, ó ní iwájú ti há jù. Ẹnìkejì nínú àwọn méjì tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó kà nípa àwọn tó fi Júù pamọ́ sínú ilé wọn.