Láti Adámásìngbà dé Rovaniemi: ohùn dìfẹ́ńdà

Ohùn niṣẹ́ dìfẹ́ńdà, agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo pápá, òun ló gbọ́dọ̀ figbe ta kí atamátàsé tó yọ́ kọjá. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Àárín ariwo la ti dàgbà. Ní pápá Lekan Salami ní Adámásìngbà, àwọn òǹwòran pàápàá ń bá wa pè é: "Ẹ̀yìn ẹ! Ẹ̀yìn ẹ!" Aṣọ́lé wa fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Bó ti wù kí bọ́ọ̀lù yá tó, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáde!" ni mò ń ké sí i. Ẹnu mi ò gbà kí n sọ pé "jáde" lásán.

Ní Rovaniemi tí mo wà báyìí, lápá òkè Finland, ọmọ ọdún 18 ń pe kóòṣì wa lórúkọ, kóòṣì sì ń dá a lóhùn. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbí. Èèyàn lè wọ bọ́ọ̀sì títí dé òpin ọ̀nà láìsí ẹni tó kí i. Orí pápá náà ń dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn tí mo kọ́kọ́ há sórí ni "takana", ìyẹn "ó wà lẹ́yìn". Bí mo bá ń ro àmàlà, mo máa ń pè é léraléra kí ahọ́n mi lè yá sí i.

Ní Oṣù Kejìlá, oòrùn ò lò ju bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ, inú gbọ̀ngàn ńlá la ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko àtọwọ́dá. Nígbà tó bá di Oṣù Kẹfà, oòrùn ò wọ̀ mọ́, aṣọ dúdú ni mo fi ń bo fèrèsé kí n tó rí oorun sùn.

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn mí jù. Nílé, kíláàbù mi jẹ wá lówó oṣù mẹ́fà. Ìyá olóúnjẹ ẹ̀gbẹ́ kámpù ló bọ́ wa. Inú ìwé iléèwé ọmọ rẹ̀ ló ń kọ gbèsè wa sí, tèmi nìkan gba ojú ìwé kan gbáko. Nígbà tí orúnkún mi yẹ̀, bàbá mi ló sanwó oníṣègùn eegun. Orúnkún yẹn náà ni mo ká sínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Katsina.

Owó tibí ò pọ̀, mo ṣì ń to ẹrù níbi ìkẹ́rùsí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dá lowó ń wọlé. Nígbà tí orúnkún náà tún wú, ínṣọ́ránsì ló sanwó àyẹ̀wò, wọ́n ní n sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní ọ̀lẹ.

Taye Taiwo, ọmọ Èkó, gbá bọ́ọ̀lù nílùú yìí nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, lẹ́yìn tó ti bá Marseille gba líìgì Faransé ní 2010. Mo mọ àwọn tí a jọ ṣe é ní Ìbàdàn tí orúnkún wọn ò bá wọn dé ọdún 26. Ó ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n aṣọ́lé wa ń fi Máíkírà ná Dùgbẹ̀ sí Mókọ́lá báyìí. Lálẹ́ Sọ́ńdè ló máa ń pè mí. Kó tó béèrè nǹkan kan, á ní, "Orúnkún ńkọ́?"