Àyẹ̀wò Ọdún: Ọdún tí Ìdí-Dúdú Bọ́ Sórí Y

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé oṣù-dé-oṣù ni mo máa ń to àyẹ̀wò ọdún. Ti ọdún yìí ò ní rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kìíní dé ìkarùn-ún, mo pààrọ̀ omi, mo ra epo jẹnẹrétọ̀, mo tún pààrọ̀ omi. Gbogbo ìyókù, ọ̀rọ̀ akọ gọ́pì (ẹja kékeré aláwọ̀ tí a ń sìn nínú táǹkì) kan ṣoṣo ni, èyí tí Ìyá Ìbejì sọ ní Gómìnà torí pé kì í ṣiṣẹ́, àfi kó máa fẹ ìrù kiri.

Àwọ̀ méjì ni mo ń sìn, orí X àti Y sì ni wọ́n wà, ìyẹn àwọn kúrómósómù (okùn tíńtín tó ń gbé àbùdá òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ): abo ní X méjì, akọ ní X kan àti Y kan. Awọ-ejò, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó bo ara akọ láti orí dé ìrù, orí Y ló wà nínú ẹja tèmi, nítorí náà gbogbo ọmọkùnrin ló ń gbà á lọ́wọ́ bàbá. Ìdí-dúdú, tó dà bí ìgbà tí wọ́n ri ìdajì ẹja bọ inú aró, orí X ló wà. Ọmọbìnrin ni akọ ń fún ní X, ọmọkùnrin ló ń fún ní Y. Bí akọ tó ní àwọ̀ méjèèjì bá gun abo lásán tí kò ní ìkankan nínú wọn, gbogbo ọmọkùnrin á jẹ́ aláwọ-ejò tí ìdí wọn ò dúdú, gbogbo ọmọbìnrin á sì dúdú nídìí. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ gọ́pì ni abo máa ń gbé pamọ́ tí ojú ò ní rí i. Ìdí-dúdú kì í fara pamọ́ lára abo. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìbí oṣù kẹfà, ọmọkùnrin kan dúdú nídìí: Gómìnà nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ò ní in. Bàbá rẹ̀ ní in, ṣùgbọ́n orí X ni, bẹ́ẹ̀ Y ló fún ọmọ yìí. Níbo ló ti rí i?

Àtọ̀ tí abo tọ́jú lèèyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Abo gọ́pì tó bá pàdé akọ lẹ́ẹ̀kan lè máa fi àtọ̀ yẹn bímọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: akọ yòówù tí ìdí-dúdú rẹ̀ bá wà lórí X, kò lè bí ọmọkùnrin onídìí-dúdú fún abo lásán, ì báà jẹ́ onílé, ì báà jẹ́ àlejò. Kò sì sí ẹja tí tirẹ̀ wà lórí Y nílé mi. Ọ̀nà kan ló kù: X àti Y bàbá pààrọ̀ ègé kan nígbà tí ara rẹ̀ ń ṣe àtọ̀, ìdí-dúdú sì bọ́ sórí Y lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ-ejò. Winge, ará Denmark, ti kọ nípa irú pàṣípààrọ̀ yìí lára gọ́pì lọ́dún 1923. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1920, Johannes Schmidt ti ilé ìwádìí Carlsberg ti fi hàn pé àmì kan ń ti ọ̀dọ̀ bàbá lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tààrà. Carlsberg ọlọ́tí yẹn náà ni o. Kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé ọtí ò ṣe rere kankan rí.

Abo wúńdíá nìkan la lè fi dán irú akọ yìí wò. Ọ̀dọ̀ ẹja gọ́tà ni mo ti mú tèmi. Gọ́pì pọ̀ nínú gọ́tà Èkó, ṣùgbọ́n abo àgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́n níbẹ̀ ti lóyún kó tó dọ́wọ́ yín, nítorí náà ọmọ rẹ̀ lẹ máa lò. Bí ọmọ bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kó wọn sínú ife gíláàsì ní méjì-méjì, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Lẹbẹ́ abẹ́ ikùn abo ṣe igun mẹ́ta, ó sì ní àmì dúdú kan lókè rẹ̀. Ti akọ á ti máa tín-ín-rín, á máa ṣẹnu ṣóńṣó. Èyí tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì lé lórí, ẹ kó o sọ́dọ̀ àwọn akọ. Bó bá padà di abo, ẹ yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n akọ kan ṣoṣo láàárín àwọn abo, gbogbo táǹkì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá pé oṣù mẹ́ta tí ìkankan ò bímọ, ẹ lè fi wọ́n fún akọ. Omi wọn, 25 sí 27°C ló dáa. Bí omi kànga yín bá kíkan, ẹ̀kúnwọ́ ìkarahun tí àwọn olóúnjẹ adìẹ ń tà, tẹ́ ẹ dì sínú àpò nẹ́ẹ̀tì, á tún un ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ Gómìnà dé ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Gbogbo ọmọkùnrin ló jẹ́ aláwọ-ejò onídìí-dúdú. Kò sí ọmọbìnrin kan tó dúdú nídìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta bátìrì paǹpù fún mi láwìn.

Gómìnà kú ní oṣù kọkànlá. Àìsàn ẹnu funfun ni, èyí tí kò ju ọjọ́ kan tàbí méjì tó fi ń pa ẹja bí omi bá gbóná. Iyọ̀ gíráàmù 2 sí 3 nínú lítà omi kan lè dá a dúró bẹ́ ẹ bá tètè rí àbàwọ́n funfun náà létí ẹnu tàbí lẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tí a sin Bàbá Ẹlẹ́ja náà ni. Ọwọ́ wọn ni abo onídìí-dúdú àkọ́kọ́ ti wá, nọ́ńbà wọn ṣì wà lórí fóònù mi. Mo jẹ wọ́n ní agolo ẹyin àtẹ́míà (oúnjẹ ọmọ ẹja) méjì. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n, wọ́n á ti ṣí ìwé gbèsè tuntun lọ́hùn-ún.

Ní báyìí, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Àwọ̀ àwọn ọmọ Gómìnà kò lẹ́gbẹ́, ṣùgbọ́n ìrù wọn, ìrù gọ́tà gan-an ni: kúkúrú, kò fẹ̀. Ìyá ń dá sí bí ìrù ṣe máa rí, orí Y nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, abo láti ìlà onírù fífẹ̀, tí ìdí wọn ò dúdú, ni màá fún wọn fún ìran méjì tàbí mẹ́ta, nínú táǹkì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àìsàn kan má baà kó gbogbo wọn lọ. Pàṣípààrọ̀ tó so àwọ̀ méjèèjì pọ̀ tún lè tú wọn ká. Nítorí náà ọmọkùnrin tó bá ní ọ̀kan láìní èkejì kò ní bímọ nílé mi. Ọmọbìnrin tó bá dúdú nídìí nínú ìlà yìí, yálà jíìnì ìdí-dúdú (ègé àbùdá tó ń fún un ní àwọ̀ náà) ti padà sórí X ni o, tàbí ẹja kan ti fo wọlé. Àwọn aláwọ̀ iyanrìn tẹ́ ẹ ń béèrè, ẹ ní sùúrù. Ìyá àti bàbá ló gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní jíìnì yẹn. Ìran àkọ́kọ́ ò ní fi hàn rárá, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa yọ nínú ìran kejì.

Ẹni tó bá fẹ́ akọ lára àwọn ọmọ Gómìnà, kó kọ́kọ́ fi táǹkì wúńdíá hàn mí. Mi ò ní fún ẹni tó da akọ pọ̀ mọ́ abo. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà wà nínú òfin yìí o.