Ọ́ìlì katakata Bàámi

Òjò kẹta ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni mo wa katakata Bàámi lọ sí oko wa lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Òkèhò. Ilẹ̀ ti rọ̀, ó tó túlẹ̀ àgbàdo. Mo fa ọ̀pá tó ń gbé púláù, irin tó ń túlẹ̀, sókè, púláù ò mira. Nígbà tó yá ló wá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, mo sì ń gbọ́ kì-kì-kì lábẹ́ ìjókòó mi. Kí n tó yí po létí oko, ó ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀.

Massey Ferguson 135 ni. Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, láti ọdún 1964 títí wọ àwọn ọdún 1970. Àbíkẹ́yìn wọn pàápàá ti lé ní ogójì ọdún. Tòkunbọ̀ ni Bàámi rà á, òun ló sì fi rán wa níléèwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi nípa rẹ̀ kí wọ́n tó kú: "Ọ́ìlì ẹ̀yìn ni kí o máa wò." Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni èmi ń wò ní tèmi.

Mo fa géèjì ọ́ìlì ẹ̀yìn yọ. Ó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mo bu díẹ̀ sínú ike omi tó ṣófo, tó mọ́ gaara, mo gbé e sójú fèrèsé di ọjọ́ kejì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ti sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ike náà, ó tó ìwọ̀n ìka méjì, ọ́ìlì léfòó sókè. Mo tún kán ẹ̀kán kan sínú páànù gbígbóná, ó ta pàràpàrà. Ọ́ìlì tí kò lómi nínú kì í ta bẹ́ẹ̀.

Ibo lomi gbà wọlé? Rọ́bà tó bo ìdí ọ̀pá jíà ni. Ó ti gbẹ, ó ti là yíká. Ìta gbangba ni katakata yìí ń sùn, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, ọ̀pá jíà yẹn ló ń ṣàn lé lórí lọ tààrà sínú.

Mo pe Bọ̀dá mẹkáníìkì tó máa ń bá wa ṣe é. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká da ọ́ìlì jíà 140 sí i. Ó ki dáadáa, jíà ò ní pariwo mọ́." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, púláù tí ò gòkè ńkọ́?" Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Kò yàtọ̀ o! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Nínú 135, ọ́ìlì kan náà ni jíà, dífà ẹ̀yìn (jíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn) àti póòmpù tó ń gbé púláù jọ ń lò. Póòmpù yẹn kò sí níta, inú ọ́ìlì yẹn ló rì sí, lábẹ́ ìjókòó. Bí ọ́ìlì bá ki jù, póòmpù ò ní rí i fà bó ṣe yẹ, pàápàá ní àárọ̀ kùtù. Ká wá da 140 sórí omi nítorí ariwo jíà, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá nìyẹn.

Nọ́ńbà ara kẹ́ẹ̀gì náà máa ń tan èèyàn. Òṣùwọ̀n ọ́ìlì jíà àti ti ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀kan náà: 90 ti jíà kò ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ohun tí mo wá kiri ni kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n kọ UTTO sí lára, ìyẹn ọ́ìlì katakata tó ń bá jíà àti póòmpù lò pọ̀, tí kíki rẹ̀ jẹ́ 10W-30, tí wọ́n tún kọ MF M1135 tàbí M1143, àmì ìlànà Massey Ferguson, sí lẹ́yìn. Mo yẹra fún èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí, irú ọ́ìlì jíà kan nìyẹn. Oògùn imí-ọjọ́ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ lè máa jẹ idẹ, bẹ́ẹ̀ búùṣì idẹ wà nínú ẹ̀rọ yìí.

Bọ̀dá gbà nígbà tí wọ́n rí ike ojú fèrèsé. A wa katakata yí oko ká fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì lè gbóná, a gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a sọ apá ẹ̀yìn tó ń gbé púláù kalẹ̀ kí èyí tó wà níbẹ̀ náà lè padà sínú. A wá tú gbogbo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, nítorí wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Omi ló kọ́kọ́ tú jáde, kí ọ́ìlì tó tẹ̀ lé e. A fi epo dísù ṣàn án, a ò tanná sí ẹ́ńjìnnì rárá, a sì fi ihò sílẹ̀ di àárọ̀. A tún yọ asẹ́ póòmpù fọ̀. Mo na ìka sínú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, mo fi ìka ra á: ó kúnná bí àtíkè, kò sí eyín jíà kankan nínú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Bíi lítà 30 ló gbà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan kò tó, ẹ ra onílítà márùn-ún kún un. Ẹ rọra dà á, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó wo géèjì, torí ó máa ń pẹ́ kí ọ́ìlì tó ṣàn dé ẹ̀yìn.

Mo gé tíúbù ọ̀kadà, mo fi wáyà dì í mọ́ ìdí ọ̀pá jíà títí rọ́bà gidi fi dé láti Ìbàdàn. Káfíńtà àdúgbò wa ló gba ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù tí a tú jáde náà, ó ní òun máa fi kun igi òrùlé nítorí ikán.

Púláù ti ń gòkè báyìí, ó sì ń dúró. Ṣùgbọ́n mo rí ọ́ìlì tuntun tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Sílì ibẹ̀, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ti gbó, bí ọ́ìlì bá sì dé inú búréèkì, katakata ò ní dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oko wa. Mo ti ní kí Bọ̀dá wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.