Èmi gan-an ni mò ń dí wọn lọ́wọ́

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má bínú pé mo dákẹ́ láti ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ló gbé mi mì. Ẹni tó bá ti gbé Ìjẹ̀bú-Òde rí mọ̀ pé tí Iléyá bá ti ku oṣù kan àbọ̀, oorun télọ̀ ti tán nìyẹn, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọdún ńlá ìlú wa, gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, ló sì fẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ tí ẹgbẹ́ kejì ò tíì rí rí. Ti 2025 tún wá le sí i, torí látìgbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ aṣọ pọ́kú mọ́. Àwọn tó ní ahun ni Ìjẹ̀bú, ẹ wá wo owó tí wọ́n ń ná sórí lẹ́ẹ̀sì.

Ẹgbẹ́ kan gbé aṣọ obìnrin 38 fún mi, ìró àti bùbá, wọ́n ti san ìdajì owó. Ọmọ mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, méjì ti ṣe fríídọ̀mù, mẹ́rin ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo ka èyí tó ti parí pátápátá, márùn-ún péré! Orí mi fẹ́ẹ̀ fò lọ. Aṣọ wà káàkiri ilẹ̀, ọ̀kan ò ní apá, ọ̀kan ò ní ọrùn, ọ̀kan ń retí wívìn etí aṣọ, àwọn ọmọ náà sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tí ò jẹun láti àná.

Mo ní fóònù ló fà á. Ta ni ò ní sọ bẹ́ẹ̀? Wọ́n á ní àwọn ń wo sítáì lórí TikTok, lóòótọ́ sítáì wà níbẹ̀ o, àmọ́ tí sítáì bá tán ẹṣin ló kàn, tí ẹṣin bá tán ìjà tọkọtaya kan l'Ékòó ló kàn. Ni mo bá gba gbogbo fóònù, mo kó o sínú báàgì, mo ti síìpù ẹ̀ pa. Lọ́jọ́ kejì ara ọmọ ọ̀kan nínú wọn gbóná nílé ìwé, wọ́n pè é títí, a ò gbọ́, àfìgbà tí tíṣà rán èèyàn wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì mí gan-an. Mo dá fóònù padà, mo sì bẹ ìyá ọmọ náà.

Màmá mi ló wá là mí lójú, òun gan-an ò sì mọ̀. Wọ́n wá kí mi, wọ́n jókòó díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò kúkú jẹ́ kí ọmọ yẹn ráyè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lo ti pè é dìde látìgbà tí mo ti wọlé." Mo kọ́kọ́ bínú. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì mo mú ṣọ́ọ̀kì, gbogbo ìgbà tí mo bá pe ẹnì kan kúrò lórí máṣíìnì, mo fa ìlà kan sára ògiri. Kó tó di aago kan ọ̀sán, ìlà ti pé 23! Kọ́sítọ́mà wọlé, dìde wá wọ̀n wọ́n. Òwú tán, sáré lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ. Ẹni tó ń pariwo jù dé, fi ti ọwọ́ ẹ sílẹ̀, bá mi parí tiẹ̀ kí n tó gbọ́ èébú. Ọmọ tó fi ọrùn bùbá sílẹ̀ ní àárín á padà dé, kò mọ ibi tó bá a dé mọ́, á tú u, á tún un rán, ó ti rẹ̀ ẹ́ kò sì tíì parí nǹkan kan. Fóònù tó ń mú, ibi tó ti ń sinmi lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Mo gbé bẹ́ǹṣì síta, kọ́sítọ́mà kankan ò wọlé kó tó di aago mẹ́rin, èmi nìkan ni mo sì ń dá wọn lóhùn. Àwọn kan bínú lọ, kò burú. Alaalẹ́ ni mò ń gé aṣọ, mo di ti kálukú pọ̀ pẹ̀lú òwú ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ parí ọ̀kan kó tó tú òmíì. Tí NEPA bá mú iná wá, àyọ́ọ̀nù àti wívìn ni gbogbo wa ń sáré sí, tí wọ́n bá mú un lọ, a padà sórí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tó bá parí, mo fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé èyí lá ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fúnra wọn, ẹni tí ò bá tíì kọ́ tiẹ̀ kì í fẹ́ dìde. Aago méjì ni oúnjẹ, gàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù àti ẹ̀pà, ọjọ́ tí màmá bá se ìkọ́kọrẹ́, ọdún ti dé nìyẹn, kí wọ́n sì tẹ fóònù wọn bó ṣe wù wọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tí Iléyá ku ọ̀la la kó èyí tó kẹ́yìn fún wọn. Ní Sunday, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, gbogbo wa lọ wòran. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń jó bọ̀, mo rí ìyá kan tó ń fa apá bùbá ẹ̀ wálẹ̀ ṣáá, ó kúrú díẹ̀. Mo wẹ̀yìn, ọmọ tó rán an ti sá sẹ́yìn mi, ó ní, "Àńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí mi."